Ẹ̀fọn Kọ́ Ló Gbé Èyí Wá

"Ṣé ẹ̀fọn ló gbé e wá?"

Tí mo bá sọ fún èèyàn ní Rẹ́mọ pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi àrùn mẹ́dọ̀wú (hepatitis, àrùn inú ẹ̀dọ̀) hàn, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ó lè jẹ́ tíṣà, ó lè jẹ́ alágbàtà obì, ó lè jẹ́ ọmọ yunifásítì. Mi ò bá wọn wí. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé ẹ̀fọn ni ọ̀tá. Nígbà tí mo wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ọjọ́ ìmọ́tótó bá ti dé, a máa gé koríko, a máa da omi inú agolo nù, a sì máa kọrin lé ẹ̀fọn lọ. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀dọ̀ fún wa. Ẹ̀dọ̀ tí a mọ̀ nígbà náà ni èyí tí wọ́n ń bù fún bàbá nínú ọbẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ ìwádìí mi pín sí, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mi ò tíì mọ ọkọ tí mo fẹ́ fẹ́. Mo ń wádìí àrùn mẹ́dọ̀wú tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, mo sì ń wádìí àwọn àrùn tí ẹ̀fọn ń gbé kiri. Lójú tèmi, ilé kan náà ni gbogbo wọn ń lọ. Kòkòrò ibà tí ẹ̀fọn bá tu sára èèyàn kì í dúró nínú ẹ̀jẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Inú ẹ̀dọ̀ ló ń sá lọ, ibẹ̀ ló ti máa bí sí i fún bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó tú síta, kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Fáírọ́ọ̀sì ibà pọ́njú, ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́, ìdí nìyẹn tí ẹyinjú fi ń di pupa rúsúrúsú. Mẹ́dọ̀wú B àti C kò tilẹ̀ ní ibòmíì tí wọ́n fẹ́ràn tó ẹ̀dọ̀. Nítorí náà, tí wọ́n bá gbé aláìsàn tí ojú rẹ̀ pọ́n wọlé, tí ìtọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn, ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni èwo nínú àwọn àlejò yìí ló wọ ẹ̀dọ̀ náà. Lójú lásán, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n. Àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti ẹ̀fọn, torí òun ni gbogbo èèyàn mọ̀.

Ògèrè ni mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tó bá ti gba títì Èkó sí Ìbàdàn kọjá mọ bí ibẹ̀ ṣe rí: tírélà lọ́tùn-ún, tírélà lósì. Níbi tí tírélà bá wà, fọkanáísà ò ní jìnnà, níbi tí fọkanáísà bá sì wà, òkìtì táyà tó ti kú ò ní ṣàìsí. Inú táyà yìí ni ẹ̀fọn tí à ń wá fẹ́ràn. Aedes aegypti ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ó kéré, ó dúdú, àmì funfun sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ gbogbo. Ojúmọmọ ló máa ń jẹni, pàápàá láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Òun ló ń gbé ibà pọ́njú, dẹ́ńgè, ṣikungúnyà àti Zika kiri. Nẹ́ẹ̀tì tí ẹ ta sórí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ kò kàn án, torí nígbà tí ẹ bá wọ abẹ́ rẹ̀, òun ti jẹun yó.

Bàbá fọkanáísà kan rí wa níbi tí a ti ń fa omi inú táyà rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà ìfami. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, kí lẹ sọ nù sínú táyà mi?" Mo da omi náà sínú abọ́ funfun, mo ní kí wọ́n wò ó. Tanwíji ló kún ibẹ̀, wọ́n ń jó lọ sókè, wọ́n ń jó lọ sísàlẹ̀, òmíràn fi ìdí rọ̀ sójú omi kó lè mí. Bàbá ní àwọn ti ń rí wọn látọjọ́ tó ti pẹ́, àwọn rò pé kòkòrò omi lásán ni. Mo ṣàlàyé pé ẹ̀fọn ni, pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì wọ́n á ti yọ apá. Mo tún fi ọwọ́ kan ibi tó gbẹ díẹ̀ lókè omi, mo ní ẹyin rẹ̀ nìyí, ó lẹ̀ mọ́ ara rọ́bà, ó dúdú bíńtín. Tí omi bá tiẹ̀ gbẹ, ẹyin yìí lè dúró fún oṣù mélòó kan, kó máa retí òjò. Ìdí nìyẹn tí dída omi nù nìkan kò fi tó. A gbọ́dọ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ara ohun tó gba omi náà dúró, ì báà jẹ́ dúrọ́ọ̀mù, ì báà jẹ́ ìkòkò.

Ìwé tí mo kà ní ká sọ fún wọn kí wọ́n kó táyà dànù. Bàbá yìí wò mí tìyanu-tìyanu. "Àǹtí, owó nìyẹn o." Lẹ́yìn náà ló ní kí ọmọ iṣẹ́ òun gbé ìlu wá. Èyí tí wọ́n fi ṣe àga jókòó àti èyí tí wọ́n tò sí ẹ̀bá ọ̀nà kí oníbàárà lè rí wọn, wọ́n lu ihò sí ìsàlẹ̀ wọn kí omi lè máa jò lọ. Èyí tí wọ́n fẹ́ tà, wọ́n tò ó sábẹ́ páànù. Kò ná wọn ní nǹkan kan ju òógùn lọ. Nígbà tí a padà lọ bu omi lẹ́yìn ìyẹn, a wá tanwíji tì níbi tirẹ̀, ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ sì kún bámúbámú. Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni nǹkan kí n tó gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn lórí nǹkan.

Ẹ̀fọn ibà tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Anófẹ́lísì kì í fẹ́ inú táyà tó bẹ́ẹ̀. Omi tó mọ́ díẹ̀ tí oòrùn ń tàn sí ló fẹ́, irú èyí tó dúró sí ojú ẹsẹ̀ màlúù àti ipa táyà ọkọ̀ lójú ọ̀nà oko. Èyí tó ń hó lẹ́tí lóru tó jáde látinú gọ́tà tó ń rùn, Kúlẹ́ẹ̀sì ni, ẹ̀fọn mìíràn tí kì í gbé ibà. Àwọn èèyàn á ní gọ́tà àdúgbò wọn ló ń fún wọn ní ibà, wọ́n á kówó jọ da kẹ́míkà sí gọ́tà, ibà ò sì ní dín. Kò burú kí gọ́tà mọ́ o, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà oko ẹ̀yìn ilé ni wọn ò wò.

Nǹkan kan tún wà tó bà mí lẹ́rù nínú yàrá àyẹ̀wò. A máa ń tọ́ tanwíji dàgbà, a máa ń lọ bisikíìtì kúnná fún wọn, tí wọ́n bá yọ apá a fún wọn ní omi ṣúgà nínú òwú. Lẹ́yìn náà a ó kó abo wọn sínú ike róbótó tí a fi bébà tí a rẹ sínú pẹ́métírìnì bo inú rẹ̀. Pẹ́métírìnì yìí wà lára oògùn tí wọ́n ń fi sí nẹ́ẹ̀tì. Wákàtí kan ni wọ́n máa lò níbẹ̀, a ó wá kó wọn sínú ike mìíràn tí kò ní oògùn, a ó sì dúró di ọjọ́ kejì ká tó ka òkú. Òfin Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé tí òkú kò bá tó 90 nínú 100, oògùn náà kò ràn wọ́n mọ́. Mo jókòó ti ike yẹn lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo rí àwọn tó ṣubú tí wọ́n na ẹsẹ̀ sókè. Ilẹ̀ mọ́, mo bá ọ̀pọ̀ nínú wọn lórí ògiri ike, wọ́n ń nu ẹnu. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Yorùbá báyìí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe nẹ́ẹ̀tì tuntun tí wọ́n pa oògùn mìíràn tó ń jẹ́ PBO pọ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nẹ́ẹ̀tì tí oògùn rẹ̀ ti rẹ̀ ṣì jẹ́ ògiri láàárín ẹ̀fọn àti ọmọ. Mo ti jáwọ́ nínú sísọ fún àwọn ìyá pé oògùn inú nẹ́ẹ̀tì á pa ẹ̀fọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí wọ́n rán ibi tó ya, kí wọ́n sì tẹ etí rẹ̀ bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ibà pọ̀ lóòótọ́. Nínú bí 263 mílíọ̀nù ìgbà tí ibà kọ lu èèyàn láyé lọ́dún 2023, ti Nàìjíríà nìkan lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí gbogbo ara gbígbóná fi ń jẹ́ ibà lójú wa. Èèyàn á lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n á po oògùn mọ́ra fún un, á lò ó, ara á ṣì máa ro ó, á tún lọ. Mo ti wo ẹ̀jẹ̀ irú wọn lábẹ́ maikirosíkóòpù títí ojú fi ń ta mí, tí mi ò rí kòkòrò ibà kankan. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú kún un, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti yí padà mọ́ mi lọ́wọ́.

Àyẹ̀wò ọ̀hún kò ṣòro. Ìka la máa gún, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan sórí pèpéle kékeré kan, omi oògùn díẹ̀ lé e lórí, ká sì dúró bí ìṣẹ́jú 15. Ìlà kan, kò sí. Ìlà méjì, ó wà. Ní ọjà obì ní Ṣàgámù, ìyá àgbà kan tó ń ṣa obì sínú ewé jókòó tì mí títí ti òun fi jáde. Bí wọ́n ṣe rí ìlà méjì, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ké sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pé, "Ẹ wá wò ó, ọjọ́ orí mi yìí, wọ́n ní mo lóyún!" Gbogbo ìsọ̀ fi ẹ̀rín pa ara wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo ní kí Ìyá bá mi ká bọ́ sẹ́yìn ìsọ̀ díẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró ti pèpéle rẹ̀ ní gbangba mọ́. A ta aṣọ, a sì ń pe èèyàn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ì báà jẹ́ ìlà kan, ì báà jẹ́ méjì, kí ará ọjà má baà fi bí èèyàn ṣe pẹ́ tó lẹ́yìn aṣọ mọ èsì rẹ̀.

Ìwádìí ńlá tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú 100 èèyàn ní Nàìjíríà, bí mẹ́jọ ló ní mẹ́dọ̀wú B, bí ẹyọ kan ló ní C. Ẹ ronú sí ìsọ̀ ogún nínú ọjà yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn mẹ́jọ yìí ò sì mọ̀, torí kò dùn wọ́n níbì kankan. Ẹ̀dọ̀ kì í pariwo. Ọdún 20, ọdún 30, èèyàn á máa jẹ, á máa mu, fáírọ́ọ̀sì á máa há ẹ̀dọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, títí ikùn á fi wú tàbí kí jẹjẹrẹ yọ níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n á wá ní ayé ló ń ṣe é.

Ẹni tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù lọ nínú iṣẹ́ yìí ni ọ̀dọ́kùnrin awakọ̀ kan. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ bímọ ní ilé ìwòsàn kan, wọ́n ní kó wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n fà á, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì sọ fún un pé, "Ẹ̀jẹ̀ yín ò ṣeé lò, ẹ wá ẹlòmíì." Ó parí. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí fún un, òun náà ò sì lè béèrè. Látọjọ́ náà ló ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé éèdì ni. Ó yẹra fún ìyàwó, ó dẹ́kun jíjẹun nínú abọ́ ilé, ó ń retí ikú. Ó ti ń gbé e kiri bẹ́ẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan kó tó bá wa pàdé ní gáréèjì. Nígbà tí mo sọ fún un pé mẹ́dọ̀wú B ni, ó béèrè ìbéèrè tí gbogbo wọn ń béèrè, ti ẹ̀fọn. Lẹ́yìn náà ló wá ń sunkún, mo rò pé ìbànújẹ́ ni, àṣé ara ló fúyẹ́.

Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn, inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. A ò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ èèyàn ká má dá a lóhùn. Àwa olùwádìí gan-an là ń ṣe é jù: jíìpù á wọ ìlú, wọ́n á pín ọṣẹ, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n á lọ kọ ìwé sí òkè òkun, ẹni tó ni apá tí wọ́n gún kò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́ láé. Mi ò fọwọ́ sí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ mọ́, bó ti wù kí owó inú rẹ̀ tó. Tí owó ìrìnnà láti padà lọ sọ èsì kò bá sí nínú ètò ìnáwó, mi ò ní bá wọn dá sí i.

Mo tẹ̀ lé awakọ̀ yìí délé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, torí ó ní òun ò mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ìyàwó wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin náà wà níbẹ̀. Mo ṣàlàyé. Mo ní àrùn yìí kì í gba inú oúnjẹ, kì í gba inú ife, ìdìmọ́ra kì í kó o ranni, ikọ́ kì í kó o ranni. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà, àti ìbálòpọ̀, àti láti ara ìyá sí ọmọ nígbà ìbí. Mo ní ẹ̀fọn kì í gbé e. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bínú sí mi níbi tí mo dé yìí: ẹ̀fọn tó ń mu ẹ̀jẹ̀, báwo ni kò ṣe ní gbé àrùn inú ẹ̀jẹ̀? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Mo ní ọ̀nà méjì ló wà nínú ẹnu ẹ̀fọn, ọ̀kan ni ó fi ń fa ẹ̀jẹ̀ wọlé, èkejì ni itọ́ rẹ̀ ń gbà jáde. Ẹ̀jẹ̀ tó mu lára ẹni àkọ́kọ́ kì í padà tú sára ẹnì kejì. Kòkòrò ibà gbọ́dọ̀ dàgbà nínú ẹ̀fọn fún bí ọjọ́ mẹ́wàá sí ọ̀sẹ̀ méjì, kó sì rìn dé ibi itọ́ kó tó lè ran ẹlòmíì; mẹ́dọ̀wú ò lè bí sí i nínú ẹ̀fọn, ńṣe ni ikùn ẹ̀fọn á dà á pọ̀ mọ́ oúnjẹ. Ó dákẹ́, ó rò ó, ó ní ó ti yé òun.

Ìyá rẹ̀ ti ṣe ìkọ́kọrẹ́. Wọ́n bu tèmi sínú abọ́ àlejò, wọ́n bu ti awakọ̀ sínú abọ́ rọ́bà kan tó ti ń dá lò. Mo ní ká má bínú, èmi àti bùrọ̀dá la ó jọ jẹ. Mo fa abọ́ rọ́bà náà mọ́ra, mo fi ọwọ́ mi bù ú, òun náà bù ú. Gbogbo àlàyé tí mo ti ṣe látẹ̀yìn wá, mo rò pé oúnjẹ yẹn ló parí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni ìyàwó rẹ̀ gbé àwọn ọmọ wá fún àyẹ̀wò.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló le. Ìyá rẹ̀ sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n rọra bi mí pé, "Níbo ló ti wá kó o?" Mo mọ ìdáhùn tó ṣeé ṣe jù lọ. Àgbàlagbà tí mẹ́dọ̀wú B bá wọ ara rẹ̀, ara rẹ̀ sábà máa ń lé e dànù. Àwọn tí fáírọ́ọ̀sì náà máa ń bá gbé títí kì í tó márùn-ún nínú 100. Ṣùgbọ́n ọmọ jòjòló tó kó o nígbà ìbí, bí 90 nínú 100 ni yóò bá a dàgbà. Mo wá ọ̀rọ̀ tí kò ní dà bí ẹ̀sùn. Mo sọ pé àwọn tó bímọ nígbà náà kò ní àyẹ̀wò, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ fún ọmọ. Kò sẹ́ni tó lè dá ohun tí kò mọ̀ dúró. Wọ́n ní, "Ẹ yẹ èmi náà wò." A yẹ̀ wọ́n wò. Èsì tiwọn, tiwọn ni.

Awakọ̀ yìí kò gba oògùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé gbogbo ẹni tó ní mẹ́dọ̀wú B kọ́ ló ní láti máa lo oògùn. A máa tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ká tó lè sọ pé ó ti wà lára pẹ́ títí, a máa wo bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣe sí, a máa ka iye fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀jẹ̀, a máa fi ẹ̀rọ ya àwòrán ẹ̀dọ̀. Ẹni tó bá nílò oògùn, tẹ̀nófófíà ló sábà ń jẹ́, ó ń tẹ fáírọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀, kì í sì í tán an. Oògùn yìí náà ni wọ́n ń lò fún àwọn tó ní éèdì, èyí sì jẹ́ wàhálà mìíràn torí àwọn èèyàn ń bẹ̀rù kí aládùúgbò má baà rí ike rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Mẹ́dọ̀wú C ló ṣeé wò sàn pátápátá, oṣù méjì sí mẹ́ta ni wọ́n fi ń lo oògùn rẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn tó ní C pé orí wọn dára, owó oògùn ni ká jọ wá. Ti àgbo, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀, mo kàn ń bẹ̀ wọ́n pé ẹ̀dọ̀ tó ń jà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹrù mìíràn lé lórí. Ẹ̀pà àti àgbàdo tó bu pàápàá, kí wọ́n dà á nù. Èbu yẹn àti mẹ́dọ̀wú B jọ ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni.

Lọ́jọ́ kan tí à ń wàásù abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Ìpẹru, ọ̀gá tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì nàka sókè. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé abẹ́rẹ́ kankan ò fa mẹ́dọ̀wú rí láyé?" Ojú gbogbo èèyàn wá sára mi. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí, ó fẹ́ kí n sọ pé rárá. Mo sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo sọ ìtàn náà fún wọn. Ibà pọ́njú ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn níhìn-ín, títí kan àwọn tó wá wádìí rẹ̀. Adrian Stokes, dókítà tó wà lára àwọn tó ń ṣèwádìí ní Yaba, kú sí Èkó lọ́dún 1927 nípa àrùn náà gan-an. Lọ́dún 1937 ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú tí wọ́n ń pè ní 17D, òun náà ló fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1951. Ṣùgbọ́n nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n fi omi ẹ̀jẹ̀ èèyàn sínú abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kó má baà bàjẹ́, mẹ́dọ̀wú B sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan tó fi í sílẹ̀. Lọ́dún 1942, nǹkan bí 50,000 sójà ni ojú wọn pọ́n. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà sì fojú bù ú pé àwọn tó wọ ara wọn tó 330,000. Wọ́n yọ omi ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, kò sì sí i nínú rẹ̀ mọ́ látìgbà náà. Lóde òní, ẹ̀ẹ̀kan péré tí wọ́n bá gún un tó títí ayé.

Mo fi ti Baruch Blumberg kún un. Lọ́dún 1957 ó wá sí Nàìjíríà yìí gba ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn, ó tún lọ káàkiri ayé, ó ń wá ìdí tí àrùn fi ń mú àwọn kan tí kì í mú àwọn mìíràn. Ibi tó ti ń wá ìyẹn ló ti bá àmì mẹ́dọ̀wú B pàdé nínú ẹ̀jẹ̀ ará Ọsirélíà kan. Ẹ̀bùn Nobel kàn án lọ́dún 1976, ọjọ́ ìbí rẹ̀, 28 oṣù Keje, sì ni ayé fi ń ṣe ọjọ́ mẹ́dọ̀wú. Nígbà tí mo parí, ọ̀gá tíṣà ní, "Ẹ dúpẹ́ tí ẹ ò parọ́ fún mi, torí mo ti kà á." Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ tò sórí ìlà.

Ìyẹn sì kọ́ mi pé àwọn tó ń fẹ̀sùn kan abẹ́rẹ́ ní ìlú wa, kì í ṣe gbogbo wọn ni aláìmọ̀kan.

Ti abẹ kò gba àkókò tó bẹ́ẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú B lè wà láàyè níta ara fún ọjọ́ méje ó kéré tán, nínú ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ tí ojú ò rí. Nítorí náà a lọ bá onígbàjámọ̀, a lọ bá olóólà, a lọ bá àwọn tó ń sín gbẹ́rẹ́. Mo ti múra ìjà sílẹ̀ fún bàbá olóólà kan ní Ìṣarà, ìwé ìtọ́ni wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n kàn fi àpótí kan hàn mí, abẹ tuntun tí a kò tíì tú ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní láti ìgbà tí éèdì ti dé ni àwọn ti ń ní kí ẹni tó ni ọmọ mú abẹ tirẹ̀ wá. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn nínú ọkàn mi, mo kúnlẹ̀ ní gbangba.

Ibi tí iṣẹ́ kù sí báyìí ni abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ọmọ. Nàìjíríà ti fi àjẹsára mẹ́dọ̀wú B sí ètò àjẹsára ọmọdé láti ọdún 2004, wọ́n sì ń fún ọmọ lómìíràn ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ ìbí, láàárín wákàtí 24, òun ló ń dí ojú ọ̀nà láàárín ìyá àti ọmọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Rẹ́mọ ni wọn ò sì bí sí ọsibítù. Ọ̀dọ̀ ìyá àbíyè ni, ilé àdúrà ni, inú ilé ni. Ọjọ́ àjẹsára ní ilé ìwòsàn alábọ́dé sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, wọ́n á kó àwọn ọmọ jọ kí oògùn inú ìgò kan má baà ṣòfò. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ kejì ọjọ́ àjẹsára ti pàdánù tirẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ fìríìjì náà wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ yìí kò gbọ́dọ̀ gbóná ju 8°C lọ, kò sì gbọ́dọ̀ tutù ju 2 lọ. Ooru kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń bẹ̀rù, yìnyín ni. Tó bá ti dì, ó ti kú, bó tilẹ̀ padà yọ́. A máa ń fi ìgò kan tí a mọ̀ọ́mọ̀ dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí à ń fura sí, a ó gbọn méjèèjì, a ó gbé wọn kalẹ̀: èyí tó ti dì rí, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ á tètè rọ̀ sísàlẹ̀, omi á mọ́ lókè, èyí tó dára á dà bí omi ẹ̀kọ fún ìgbà pípẹ́. Mo ti kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó pọ̀ ní eré yìí, ó sì ń dùn mọ́ wọn ju ìwé lọ.

A pe àwọn ìyá àbíyè ìlú kan jọ, a ò sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣíwọ́ iṣẹ́. A ní tí aboyún bá ti ń rọbí, kí wọ́n tẹ nọ́ọ̀sì láago, kì í ṣe ìgbà tó bá bímọ tán. Wọ́n gbà. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wá ní, "Tó bá di ọjọ́ Àìkú ńkọ́? A pè yín lọ́jọ́sí, ẹ ní ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì." Òótọ́ ni wọ́n sọ, nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, kọ́kọ́rọ́ fìríìjì ti di méjì, èkejì wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kékeré tó ń gbé inú ọgbà, wọ́n sì gbà kí wọ́n máa ṣí ìgò nítorí ọmọ kan ṣoṣo. Owó epo ọ̀kadà tí yóò gbé e dé ilé ìyá àbíyè lóru ni a ò tíì rí ẹni tó máa san, àwọn ìyá àbíyè sì ti ní kí a wá sí ìpàdé wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ká jọ dá a.